Ọ̀pá funfun tí gbogbo èèyàn ń pè ní Teflon: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ tọ́ọ̀nù ike nílé

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù máṣíìnì ní Taiwo Road n'Ílọrin níbí, ẹ mú ọ̀pá ike funfun kan sókè, ẹ ní kí lèyí, wọ́n á ní Teflon ni. Ẹ mú òmíì tó pọ́n díẹ̀, "Teflon náà ni, Àlàájì." Dúdú ńkọ́? "Ìyẹn ni Teflon dúdú, òun gan-an ló lágbára jù." Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́ o. Kílò ni wọ́n fi rà á lára máṣíìnì tí ilé-iṣẹ́ kan tú tà, kílò náà ni wọ́n fi ń tà á, ẹnikẹ́ni ò so orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn fún wọn. Ọ̀dọ̀ àwa tá a fẹ́ gbé e sórí léètì (ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá kí túùlù lè gé e, ìyẹn la ń pè ní tọ́ọ̀nù) ni wàhálà ẹ̀ wà, torí nínú àwọn ọ̀pá funfun yẹn a lè bá náílọ́nù, a lè bá acetal tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Delrin, a lè bá HDPE tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìgé-ẹran, a lè bá PVC tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, Teflon gidi fúnra ẹ̀ sì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀ṣì (òrùka tí ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí, máa ń gba inú ẹ̀) tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan ṣe á ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, èyí tẹ́ ẹ fi òmíì ṣe á ti há mọ́ ṣáàfù kí òjò àkọ́rọ̀ tó dá.

Ohun tí mo ń sọ ò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ kí omi àti sìkélì sọ orúkọ ẹ̀ fún yín, kí iná kẹ́yìn, ẹ wá bi ara yín nǹkan tí iṣẹ́ yẹn máa bá pàdé, ṣé omi ni, ṣé ooru ni, ṣé ìkọlù ni, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú. Ẹ fọkàn sí i pé náílọ́nù tí mo ń dárúkọ níbí kì í ṣe náílọ́nù piọ́wọ́tà o, polythene nìyẹn, ìdílé tiẹ̀ ọ̀tọ̀.

Omi, iyọ̀, sìkélì

Ẹ gé díẹ̀ lára ọ̀pá náà, kó tó èékánná àtàǹpàkò, ẹ fi fáìlì mú etí ẹ̀ dán kí afẹ́fẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bu omi sínú abọ́, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí i, torí omi lásán máa ń gbé ike kékeré sórí nígbà míì bó tilẹ̀ yẹ kó rì. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi pátápátá kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀. Tó bá padà wá sókè, polythene tàbí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni: PP (polypropylene) tó wà ní bíi 0.90 sí omi (omi fúnra ẹ̀ jẹ́ 1), UHMWPE (polythene tí kì í tètè jẹ) tó wà ní bíi 0.93, HDPE tó wà ní bíi 0.95. Nínú àwọn ike tó sábà máa ń wá ní ọ̀pá tàbí pátákó tó nípọn, àwọn yìí nìkan ló fúyẹ́ ju omi lọ.

Ìyókù á rì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró, wọ́n á ní àwọn ti ṣe tẹ́ẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Ẹ da iyọ̀ sí omi yẹn, iyọ̀ ọbẹ̀ lásán, bíi gíráàmù 360 sí lítà kan, ẹ máa rò ó títí díẹ̀ á fi jókòó sísàlẹ̀ tí ò ní í yọ́ mọ́. Omi lè ṣú díẹ̀, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Omi iyọ̀ tó kún tó báyìí máa ń wúwo tó 1.20. Ẹ ju èérún náílọ́nù àti èérún acetal sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tẹ méjèèjì kanlẹ̀. Náílọ́nù tó jẹ́ 1.14 á gbéra nílẹ̀, á rọra máa bọ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ kan lé sójú omi. Acetal tó jẹ́ 1.41 ò ní í mira, ibi tẹ́ ẹ fi sí lẹ máa bá a lọ́la. Owó iyọ̀ nìkan lẹ ná, àwọn méjì tó ń da àwọn tọ́nà àgbà pàápàá láàmú ti yà sọ́tọ̀ yẹn. ABS (ike líle tí wọ́n fi ń ṣe ara ẹ̀rọ ilé) àti Perspex (ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì) náà máa ń léfòó nínú omi iyọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rí Perspex kó rò pé náílọ́nù ni. Ẹyọ kan tó lè tan yín jẹ ni náílọ́nù tí wọ́n po gíláàsì mọ́, òun máa ń rì, ẹ máa dá a mọ̀ torí ojú ibi tẹ́ ẹ bá gé ò ní í dán, á sì jẹ túùlù yín kíákíá.

Tẹ́ ẹ bá ní sìkélì kékeré bíi tàwọn oníwúrà tàbí tàwọn tó ń ṣe kéèkì, ó tún dáa ju omi lọ. Ẹ tọ́ọ̀nù imú ọ̀pá náà kó rí róbótó gidi, ká ní ó fẹ̀ ní 50 mm, ẹ wá gé 20 mm nínú gígùn ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 39.3 cc. Tó bá jẹ́ HDPE á wọn bíi gíráàmù 37, náílọ́nù á wọn bíi 45, acetal bíi 55, Teflon gidi á lé ní 80, ọwọ́ yín gan-an á ti sọ fún yín kẹ́ ẹ tó gbé e sórí sìkélì. PVC ló máa ń sún mọ́ acetal nínú ìwọ̀n, sìkélì ò fi bẹ́ẹ̀ lè yà wọ́n, omi iyọ̀ náà ò lè yà wọ́n, ibẹ̀ ni iná ti wúlò.

Iná, tó bá di dandan

Ìta gbangba ni o, kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn yín, èérún kékeré lẹ́nu páláyà, ẹ má sì gbé imú lé e, ọwọ́ lẹ máa fi fẹ́ òórùn ẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀. Ohun tí sìkélì bá ti sọ pé ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po méjì, ẹ má fi iná kàn án rárá, màá sọ ìdí ẹ̀ tá a bá dé ọ̀dọ̀ Teflon.

Ti PVC, wáyà kọ́pà lẹ máa lò. Ẹ bó wáyà iná ilé kan, ẹ fi sínú iná gáàsì títí á fi pọ́n tí iná náà ò sì ní í ní àwọ̀ kankan mọ́, ẹ fi tẹ ike náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà sínú iná. Tí iná bá di àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ rekete, kílórínì ló wà níbẹ̀, PVC ni. Acetal ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tiẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù: ó máa ń jó láìsí èéfín, ọwọ́ iná ẹ̀ jẹ́ búlúù tó fẹ́ẹ̀ máà hàn, tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ẹ lè máa wò ó kẹ́ ẹ rò pé ó ti kú. Òórùn fọ́màlín ló máa ń yọ, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, ojú á máa ta yín. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe lè fi òkìtì èérún acetal sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe wẹ́dà tàbí tí gráńdà ti ń ta iná.

Òórùn irun tó ń jó ni ti náílọ́nù, irun orí ewúrẹ́ iléyá gan-an, tẹ́ ẹ bá fi ìṣó kan ibi tó yọ́ kẹ́ ẹ fà á, á fà bí okùn. HDPE àti PP máa ń rùn bí àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa, wọ́n á máa kán tó tó tó. ABS àti àwọn ike rédíò àtijọ́ máa ń rú èéfín dúdú tó ń fò káàkiri aṣọ tí wọ́n sá. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Náílọ́nù àti acetal

Àwọn méjì yìí lẹ máa ń yàn láàrin wọn jù. Lójú, acetal funfun báláú, ìmọ́lẹ̀ ò gba etí ẹ̀ kọjá. Náílọ́nù ní àwọ̀ mílíìkì, tẹ́ ẹ bá gbé pẹlẹbẹ ẹ̀ sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á gba ara ẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ọ̀pá tó ti wà lábẹ́ gírísì fún ọdún mélòó kan ti yí àwọ̀ padà, ẹ má gbójú lé ojú.

Orí léètì lẹ ti máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀ kedere. Ẹ pọ́n túùlù high speed kó mú gidi, kì í ṣe mímú tirin o, kó mú débi tó lè fá irun apá, kẹ́ ẹ sì fún abẹ́ ẹ̀ láàyè dáadáa kó má máa fi ìdí ra ike. Acetal á máa já wẹ́wẹ́, á máa ta sílẹ̀ pàrà pàrà, ojú ibi tó gé á dán, etí ẹ̀ á mú ṣánṣán láìní irun, ẹ lè máa rò pé bráàsì lẹ ń gé. Ti náílọ́nù, okùn kan ṣoṣo ló máa jáde lẹ́nu túùlù, kò ní í já, á máa gùn sí i, á wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì tó di ọ̀pá mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í na gbogbo nǹkan tó wà nítòsí pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ọwọ́ fà á nígbà tí léètì ń yí, okùn yẹn lè gé ọmọ ìka. Ẹ dá máṣíìnì dúró, ẹ fi páláyà tú u. Tẹ́ ẹ bá gé e tán, irun tín-tìn-tín á ṣẹ́kù létí ẹ̀, sáńpépà ò ní í mú un kúrò, á kàn tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, abẹ tuntun lẹ máa fi fá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni omi. Náílọ́nù máa ń mu omi nínú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń wú. Náílọ́nù 6 tó ti gbẹ, tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ sómi títí tí ò fi lè mu mọ́, á gba omi tó bíi 9 nínú ìdá 100 ìwọ̀n ara ẹ̀; nínú afẹ́fẹ́ lásán tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, ó máa ń gba bíi 2.5 sí 3. Acetal ò gba tó 1 nínú ìdá 100 bó ti wù kó pẹ́ nínú omi tó. Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí Ílọrin. Lásìkò ọyẹ́, tí ètè gbogbo èèyàn ń sán tí pátákó ilẹ̀kùn ń yọ nínú férémù, ẹ tọ́ọ̀nù bọ́ọ̀ṣì náílọ́nù 50 mm, ẹ ṣe é kó wọ ilé ẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá di oṣù kẹsàn-án tí ilẹ̀ tutù nigbà gbogbo, bọ́ọ̀ṣì yẹn lè ti fẹ̀ sí i tó 0.3 mm, tó bá jẹ́ inú omi ló ń gbé ó lè kọjá 1 mm. Irin tó yí i ká ò ní í fún un láàyè, inú ló máa wú sí, á di ṣáàfù mú. Oníbàárà á ní ẹ ò mọ iṣẹ́. Torí náà tó bá jẹ́ nǹkan inú omi, pọ́ńpù, fáàfù, róólà ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀gẹ́, acetal ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi náílọ́nù ṣe bọ́ọ̀ṣì bó ti wù kó rí, ẹ jẹ́ kó ní àyè ju ti bráàsì lọ, ṣáàfù 25 mm yẹ kó ní àyè tó bíi 0.1 sí 0.15 mm, ìyẹn gan-an fún ibi tó gbẹ.

Náílọ́nù ní tiẹ̀ ibi tó ti borí. Ó máa ń gba ìkọlù, ẹ lè fi ṣe orí òòlù, ó máa ń pẹ́ níbi tí iyanrìn àti eruku wà, ó sì máa ń fara da ooru díẹ̀ jù ú lọ, torí bíi 220°C ni náílọ́nù 6 máa ń yọ́, acetal ti yọ́ ní bíi 165 sí 175. Róólà géètì ilé, púlì, wíìlì tírọ́lì tó ń kó sìmẹ́ńtì, náílọ́nù ni màá mú. Jíà kékeré tí eyín ẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, nọ́ọ̀tì tó ń rìn lórí síkúrù gígùn, ọkọ̀ ìhunṣọ fún àwọn tó ń hun aṣọ òkè, acetal, torí ó ń yọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ lè fá a dán débi tí òwú ò ní í fi kọ́ ọ. Mo ti rí ẹni tó fi HDPE ṣe ọkọ̀ ìhunṣọ, ó fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó yára mú àpá, ibi tó mú àpá yẹn ló ń fa òwú.

Méjèèjì ò fẹ́ràn ásíìdì. Acetal tún kórìíra kílórínì, kẹ́ ẹ má fi ṣe nǹkan kan tó máa bá omi hypo gbé. Méjèèjì ò sì fẹ́ oòrùn ìta tó bá jẹ́ funfun ni, dúdú sàn díẹ̀.

Ọ̀pá acetal tó tóbi tún ní àṣírí kan: àárín gbùngbùn ẹ̀ lè ní ihò tín-tìn-tín tò lọ bí ìlà, pàápàá tó bá jẹ́ Delrin gidi. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ ṣe, kò sí wàhálà, ẹ ó sáà gbẹ́ àárín ẹ̀ kúrò. Tó bá jẹ́ nǹkan tó máa di omi mú pẹ̀lú agbára, ẹ gé imú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó lábẹ́ iná kẹ́ ẹ tó ná owó àti àkókò sí i.

Ooru ni ọ̀tá gbogbo wọn

Ike ò mọ bó ṣe máa ju ooru dànù bíi irin, ẹnu túùlù ló máa ń dúró sí. Tẹ́ ẹ bá ń fi dírílì lu náílọ́nù tó nípọn láìsinmi, àárín á gbóná, ìta á tutù, ó lè sán pàà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa yọ dírílì jáde, ẹ fẹ́ èérún ẹ̀ dànù, ẹ tún wọlé. Atẹ́gùn láti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó, omi ọṣẹ náà dáa fún acetal àti PVC. Ihò tẹ́ ẹ fi dírílì 10 mm lu máa ń sún kì díẹ̀ tó bá tutù, torí náà ẹ má wọ̀n ọ́n ní gbígbóná. Acetal àti náílọ́nù máa ń fẹ̀ nínú ooru tó ìlọ́po 7 sí 9 ti irin, HDPE jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ṣọ́ọ̀bù yín wà lábẹ́ páànù bíi tèmi, acetal 50 mm tẹ́ ẹ wọ̀n ní ìdájí oṣù kẹta, tẹ́ ẹ tún wọ̀n nígbà tí ibẹ̀ ti fi 15°C gbóná sí i lọ́sàn-án, á ti fi bíi 0.08 mm ju ti ìdájí lọ. Kò sí nǹkan tó ṣe fánía, irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìyẹn tún rán mi létí: tí iná bá lọ nígbà tẹ́ ẹ ń gé nǹkan, ẹ yọ túùlù kúrò lára iṣẹ́, ẹ pa súwíìṣì, kó má jẹ́ pé ẹ wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n máa mú iná dé tí léètì á fi dá ara ẹ̀ tan.

Bí ooru ṣe ń da ìwọ̀n ike rú, bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ ẹ ṣe dì í mú. Ẹnu ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta tẹ́ ẹ bá fún mọ́ ike máa ń tẹ̀ ẹ́ di onígun mẹ́ta, ẹ á gbẹ́ ihò róbótó sínú ẹ̀, ẹ á tú u sílẹ̀, ihò náà ò ní í róbótó mọ́. Ẹ fi òrùka tí wọ́n là ní ẹ̀gbẹ́ kan wọ̀ ọ́ lára kẹ́ ẹ tó fún un, kí agbára náà lè tàn kálẹ̀.

Àwọn tó ń léfòó

Ẹ fi èékánná há a. Tó bá mú àpá, HDPE tàbí UHMWPE ni, PP le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ya HDPE sí UHMWPE, ẹ mú iná sún mọ́ etí ẹ̀ díẹ̀: HDPE á yọ́, á kán, UHMWPE á mọ́ gaara bí omi, á rọ̀ bí rọ́bà, àmọ́ kò ní í ṣàn. Pátákó aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ gan-an, tí wọ́n tú lára máṣíìnì ilé-iṣẹ́ tó ń rọ ohun mímu sígò, UHMWPE ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ọjà rere, torí kò sí ohun tó ń fara da kí nǹkan máa ra á lára bíi tiẹ̀ láàrin àwọn ike olówó pọ́ọ́kú.

Ẹ má retí ìwọ̀n tó péye lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rọ̀, wọ́n máa ń sá fún túùlù. Irinṣẹ́ káfíńtà ló bá wọn mu ju ti tọ́nà lọ, ayùn igi, ìfági, rọ́tà. Kò sí gọ́ọ̀mù tó mú wọn dáadáa, bóòtù lẹ máa lò. Àmọ́ tó bá jẹ́ ásíìdì bátìrì ni, àwọn ni kẹ́ ẹ mú, PP ni wọ́n fi ń ṣe ilé bátìrì mọ́tò fúnra ẹ̀. Ti oúnjẹ ńkọ́? HDPE tuntun dáa fún un, àlòkù tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó ti bá pàdé kò dáa, ẹ má fi ṣe ìgé-ẹran fún ìyá yín.

Teflon gidi

Tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, ìwọ̀n ẹ̀ á yà yín lẹ́nu, bíi 2.15 sí omi, ara ẹ̀ á máa yọ̀ bí ẹní fi àbẹ́là pa á, èékánná á sì há a. Roy Plunkett ló ṣèèṣì rí i ní DuPont, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1938, ilé-iṣẹ́ kan náà tí Wallace Carothers ti ṣe náílọ́nù lọ́dún 1935, tí Delrin náà sì ti jáde sọ́jà lọ́dún 1960. Ó ń fara da ooru dé 260°C, kò sí kẹ́míkà tó fẹ́ẹ̀ lè mú un. Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé kò lágbára. Ẹ gbé ẹrù lé e, á rọra máa ṣàn lábẹ́ ẹrù náà láìsí ooru kankan, bọ́ọ̀ṣì á fẹ̀, bóòtù tẹ́ ẹ fún á tú. Gásíkẹ́ẹ̀tì, síìlì, ibi ooru, ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi Teflon ṣe bọ́ọ̀ṣì ẹ̀rọ ìlọta fún òun, ẹ bi í bóyá kì í ṣe náílọ́nù ló ní lọ́kàn.

Ó rọrùn láti gé bí ọṣẹ, àmọ́ ẹ má sun ún, ẹ má sì sun èérún ẹ̀ mọ́ pàǹtí. Èéfín tó máa ń yọ tó bá gbóná jù máa ń dá ibà sí èèyàn lára, ó sì máa ń pa ẹyẹ, ẹni tó ń sin ẹyẹlé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kó ṣọ́ra gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu sìgá, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó ṣáná, èérún kékeré tó bá lẹ̀ mọ́ sìgá ti tó láti dá yín dùbúlẹ̀.

Àwọn tó mọ́ gaara

Perspex àti polycarbonate: ìwọ̀n ò lè yà wọ́n, 1.19 àti 1.20 ni. Ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní tútù. Perspex á kán pàkà, polycarbonate á ká kò, á máa wò yín. Àwọn tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù n'Ílọrin máa ń ní àjákù Perspex, ẹ lè bẹ̀ wọ́n. Oòrùn ò tètè bà á jẹ́, ó sì máa ń dán tẹ́ ẹ bá fá a, àmọ́ dírílì irin máa ń já wọ inú ẹ̀ lójijì tó bá fẹ́ yọ sí ẹ̀yìn, ẹ fi òkúta ra ẹnu dírílì náà díẹ̀ kó má mú jù, kó máa fá dípò kó máa gbá, ẹ sì fi pátákó sábẹ́ ẹ̀. Fún ohun tó máa dáàbò bo ojú yín níwájú léètì, polycarbonate nìkan ni, ẹ má fi Perspex ṣe é. Àmọ́ ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí tínà nù ún, á sán lára bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọṣẹ ti tó.

PVC àti Tufnol

PVC ò ní ìjọ̀ngbọ̀n púpọ̀, àwọ̀ eérú ni ọ̀pọ̀ ọ̀pá ẹ̀, ó rọrùn láti gé, gọ́ọ̀mù páìpù mú un. Tó bá ti ń sún mọ́ 80°C ó ti ń rọ̀, ẹ má gbé e sítòsí ẹ́ńjìnì. Tẹ́ ẹ bá ń gé e tẹ́ ẹ gbọ́ òórùn tó ń ta imú, ẹ dúró, ó ti ń jóná, gáàsì ásíìdì tó ń yọ yẹn máa ń mú léètì dípẹtà.

Tufnol, ike tí wọ́n fi aṣọ àti résìn tẹ̀ pọ̀, ni èyí tó ní àwọ̀ búráùn tí aṣọ híhun hàn lára ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá gé. Abẹ́rẹ́ gbígbóná ò wọ̀ ọ́, torí kì í yọ́. Ó dáa fún jíà àti fún ibi iná mànàmáná. Lẹ́búlẹ́bú ló máa ń dà lẹ́nu túùlù, ẹ bo imú, ẹ lo túùlù kábáìdì. Àmọ́ pátákó búráùn tàbí eérú tó ti pẹ́ gan-an, tó ní irun inú tí kì í ṣe aṣọ, pàápàá tó bá wá láti ara búréèkì tàbí ibi ìgbóná ilé-iṣẹ́ àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, asbẹ́sítọ́ọ̀sì lè wà nínú ẹ̀.

Dúdú tó kù nílẹ̀, tó rì nínú omi iyọ̀, tí ìwọ̀n ẹ̀ ò bá ti ẹnì kankan mu, tí òórùn ẹ̀ náà ò yé yín, ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ náílọ́nù tí wọ́n po nǹkan mọ́, ó lè jẹ́ ike tí wọ́n yọ́ pọ̀ láti inú oríṣi mẹ́ta. Ẹ fi ṣe kọ́nọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ tábìlì, pátákó tẹ́ ẹ máa tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń lu dírílì. Ẹ fi máákà kọ "a ò mọ̀ ọ́n" sára ìyókù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e padà sí igun, kí ọmọṣẹ́ má bàa fi ṣe jíà fún ẹnì kan nígbà tẹ́ ẹ ò sí ńlé.